Ohun tí mo kọ́ nígbà tí mò ń kó ìtàn ẹ̀ka báńkì wa tí wọ́n tì jọ

Ìtàn báńkì ńlá kò ṣòroó rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ọdún 1894 ni Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀, pé òun náà ló padà di First Bank, yóò rí i kà láìlàágùn. Ẹni tó bá ń wá ìtàn National Bank of Nigeria, tí Dókítà Akinọlá Májà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1933, nígbà tí àwọn báńkì òyìnbó kì í fẹ́ yá oníṣòwò aláwọ̀ dúdú lówó, yóò rí èyí náà. Ìtàn ẹ̀ka ló ṣòro. Báńkì lè wà láyé fún àádọ́rin ọdún, kó ṣí ẹ̀ka káàkiri, kó sì ti òmíràn nínú wọn láìsí ẹni tó kọ ìlà kan sílẹ̀ nípa rẹ̀.

Mo ti ṣe kaṣíà nírú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí Dúgbẹ̀. Wọ́n tì í lẹ́yìn ìdàpọ̀ báńkì ti 2005. Mi ò ní dárúkọ báńkì náà, nítorí pé àwọn nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ tí kò dùn ún gbọ́, àwọn tọ́rọ̀ kàn kò sì sí níbí láti fẹnu ara wọn ṣàlàyé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó ìtàn ẹ̀ka náà jọ, díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣì rántí. Ohun tí mo kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀, torí ìdàpọ̀ tún ti dé, ẹ̀ka míì sì máa tì.

Kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa nígbà náà kéde pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní owó ìpìlẹ̀ tí kò dín ní bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Bílíọ̀nù 2 ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tó kéde yẹn. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ló kù. Mẹ́rìnlá ni kò lè rí owó náà kó jọ, tí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù wá ẹni tí wọ́n máa bá dàpọ̀. Wema gba National Bank mọ́ra. UBA àti Standard Trust Bank di ọ̀kan. Prudent, EIB International, Bond, Reliance àti Co-operative Bank para pọ̀ di Skye Bank. Ti Co-operative Bank yìí wọ ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn lára, nítorí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ló bí i ní 1953, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kòkó sì kà á sí tiwọn.

Ní ẹ̀ka wa, orí rédíò la ti kọ́kọ́ gbọ́ ìkéde yẹn, bíi ti gbogbo ìlú. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í rí lẹ́tà láti Èkó. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ní kò sẹ́ni tí iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà kejì ní kí a fi ọkàn balẹ̀. Ìgbà tí a rí lẹ́tà tó ní kí a fi ọkàn balẹ̀ ni ọkàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú.

Nígbà yẹn, èrò mi ni pé ẹ̀ka tó bá pẹ́, tó ní oníbàárà púpọ̀, kò ní tì. Mo wá rí i pé nǹkan míì ni wọ́n ń wò. Bí odò méjì bá pàdé, ìkan nínú wọn á sọ orúkọ nù, báńkì náà rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ka kì í sọ orúkọ nù nìkan. Ìyẹn tí báńkì méjì bá dàpọ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀ka lójú títì kan náà, ẹyọ kan ló máa ṣẹ́ kù. Wọn a wo iye owó tó wà nínú àkáǹtì ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọn a wo iye òṣìṣẹ́. Ohun tó sì máa ń pa ọ̀rọ̀ náà dé ni ilé: ṣé báńkì ló ni ín ni, àbí wọ́n háyà rẹ̀? Ilé tiwa, háyà ni. Báńkì kejì ti kọ́ tiwọn fúnra wọn, tuntun, pẹ̀lú ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ̀ka tiwọn kò tíì pẹ́ rárá, tiwa ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn bàbá wa. Ọdún tí ìwé háyà wa máa parí ni wọ́n fi parí ẹ̀ka náà. Kò sẹ́ni tó bínú sí wa, kò sẹ́ni tó ṣírò ìtàn mọ́ ìṣirò. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹ̀ka tó máa tì ládùúgbò rẹ̀ pé kó lọ béèrè ẹni tó ni ilé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé láàárín ìkéde àti ọjọ́ ìtìpa, àwọn ará ìta kì í rí i, ibẹ̀ sì ni ìtàn ti ń sọ nù jù. Báńkì méjì ní ètò kọ̀ǹpútà méjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ kó gbogbo àkáǹtì láti inú ìkan sínú èkejì, nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo wa sì yí padà. Lópin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ṣe é, kí ọjọ́ Ajé má bàa bá wọn lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, àtòjọ gígùn kan wà lára ògiri, nọ́ńbà àtijọ́ lápá òsì, tuntun lápá ọ̀tún. Ìdajì àwọn tó dúró níwájú rẹ̀ kò lè kà á. Àwa tí a mọ̀ wọ́n lórúkọ la ń bá wọn wá a. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági sọ pé òun kò fẹ́ nọ́ńbà tuntun, nọ́ńbà tòun ni òun ti há sórí láti ìgbà tí òun ti bí àkọ́bí òun. Mo yẹ́ ẹ sí, mo sì kọ tuntun náà fún un lẹ́yìn ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni káàdì. Kí kọ̀ǹpútà tó gbòde, gbogbo oníbàárà ló ní káàdì kan nínú dúrọ́ọ̀, tí fọ́tò rẹ̀ àti ìbuwọ́lù rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wéé kọ máa ń tẹ̀ka, akọ̀wé á sì kọ àmì tí a lè fi dá a mọ̀ sábẹ́ rẹ̀: ilà ojú, àpá, ìka tó ṣẹ́. Káàdì ẹ̀ka wa kún dúrọ́ọ̀ irin kan láti òkè délẹ̀. Fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun ló wà lórí àwọn tó pẹ́ jù: àwọn ọkùnrin onífìlà tó ń ra kòkó, àwọn obìnrin tó wé gèlè wá ya fọ́tò nítorí báńkì nìkan. Mi ò mọ ibòmíràn ní ìlú wa tí irú fọ́tò àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí lójú kan, tí orúkọ, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì wọn sì wà lára rẹ̀. Wọ́n ní kí a ya àwòrán ti àkáǹtì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ti àkáǹtì tó ti sùn, àpò ni wọ́n kó wọn sí. Ọkọ̀ wá kó àpò náà lọ sí ilé ìkẹ́rù kan. Ó ń dùn mí di òní. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó mọ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí àpò náà wà.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn ẹ̀ka náà, ó yé mi pé ìwé tó wà lọ́wọ́ báńkì kò ní tó mi. Ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà ni ìwé tó dára jù wà. Ìwé ìfowópamọ́ àtijọ́, ìyẹn pélébé tí wọ́n máa ń fọwọ́ kọ sí, iyebíye ni. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ ẹ̀ka wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Tí o bá kó irú rẹ̀ mélòó kan jọ láti ọwọ́ oríṣiríṣi èèyàn, o lè rí ìgbà tí báńkì yí orúkọ padà, ìgbà tí àdírẹ́sì yí padà, ìgbà tí ìwé ọwọ́ di ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ìbuwọ́lù akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ọ̀kan pàápàá ní ìtumọ̀, nítorí ẹni tó bá ti bá akọ̀wé náà ṣiṣẹ́ á mọ̀ ọ́n kíá.

Sọ̀wédowó náà wúlò púpọ̀, tí kò bá tíì ya. Nísàlẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà kan wà tó ń fi báńkì àti ẹ̀ka hàn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà yẹn ni ti báńkì: 011 ni First Bank, 032 ni Union, 033 ni UBA, 035 ni Wema, 044 ni Access. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló ń tọ́ka sí ẹ̀ka. Orúkọ tó wà lókè ìwé lè yí padà, kí òǹtẹ̀ sì ṣá, nọ́ńbà yẹn á sọ fún ọ ẹ̀ka tí ìwé náà ti wá. Nọ́ńbà yìí lágbára débi pé Diamond Bank, tó wọ inú Access ní 2019, ṣì ní 063 tirẹ̀ lórí àtòjọ àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, tí wọ́n kọ Diamond sínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Access. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i.

Àwọn èèyàn ńkọ́? Mánéjà àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rántí jù ni ọ̀gá tó wá bẹ̀ wọ́n wò àti iye owó tí ẹ̀ka kó jọ lọ́dún tí wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ. Mánéjà kì í pẹ́ ní ẹ̀ka, ọdún díẹ̀, wọ́n á gbé e lọ ibòmíràn. Ẹni tó mọ ẹ̀ka ni ẹni tí wọn kì í gbé lọ: mẹ́sẹ́ńjà, ẹ̀ṣọ́, ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́yìn ilé, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì.

Mẹ́sẹ́ńjà wa àtijọ́ ṣì wà láyé, wọ́n ń gbé lápá Mọ́níyà. Mo lọ kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tó gbé mi wá.

"Ẹ̀ka wa náà ni o fẹ́ kọ?" Wọ́n wò mí dáadáa. "Kí ni wọ́n máa fi ṣe?"

"Bàbá, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lè mọ̀ ni."

"Jókòó nígbà náà. Ó pọ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àsìkò kòkó. Ní ayé wọn, tí kòkó bá ti ń gbẹ lóko, báńkì kì í sinmi. Àwọn tó ń ra kòkó fún bọ́ọ̀dù ìjọba á wá gbówó tí wọ́n máa fi san fún àgbẹ̀, owó bébà tó kún àpò, wọ́n á sì gbé e lọ sí Òkè Ìgbó, sí Ifẹ̀, sí gbogbo ìgbèríko. Bàbá ní lóṣù kọkànlá àti ìkejìlá, àwọn máa ń ka owó títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ìka wọn á máa ta wọ́n. Nígbà tí ìjọba fagi lé àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra ohun ọ̀gbìn ní 1986, àsìkò náà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Owó kò tún gba ojú kan wọlé. Àwọn oníbàárà tí mo wá bá nígbà tèmi, oníṣòwò aṣọ, olùkọ́ tó ń gba owó oṣù, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ló gbapò wọn. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ láìmọ̀ pé káńtà tí mo dúró sí, orí kòkó ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Wọ́n tún sọ nípa ọdún 1984, tí ìjọba yí àwọ̀ owó náírà padà tí wọ́n sì ti ẹnu ibodè. Ìlà gùn láti ẹnu ọ̀nà wa yípo dé òpópónà kejì. Àwọn kan sùn síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbé owó tí wọ́n ti tọ́jú sábẹ́ ibùsùn wá, tí ìbẹ̀rù sì ń bá wọn pé wọ́n á béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Bàbá ní iṣẹ́ tòun ni láti máa pín tálì, ìyẹn pélébé irin tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tí o máa dì mọ́wọ́ títí kaṣíà á fi pe nọ́ńbà rẹ. Wọ́n wọ inú yàrá, wọ́n sì gbé ìkan jáde fún mi, idẹ ni, nọ́ńbà 47 wà lára rẹ̀, orúkọ báńkì tí kò sí mọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń kó ohun ìjókòó jáde lọ́jọ́ tí ẹ̀ka kú, inú ìdọ̀tí ni àwọn ti ṣà á.

Mo bi wọ́n ní ọdún tí ẹ̀ka ṣí. Wọ́n dá mi lóhùn kíá pé 1965 ni, ọdún tí wọ́n parí Ilé Kòkó. Mo ti rí ìwé ìfowópamọ́ kan tó ní òǹtẹ̀ ẹ̀ka náà ní 1963. Àwọn àgbà máa ń fi ohun ńlá tó ṣẹlẹ̀ di ọjọ́ mú, ó sì máa ń wúlò, torí ó ń jẹ́ kí o mọ àgbègbè ọdún tí ọ̀rọ̀ náà wà. Ilé Kòkó ga, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí rẹ̀ ló fẹ́ fara mọ́ ọn. Mo kọ èyí tí Bàbá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo sì kọ ti òǹtẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó má fi ìkan pa ìkan rẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti wá kúrò ní ọ̀rọ̀ ìtàn lásán fún mi ni ìgbà tí ìyá kan tí a jọ ń gbé àdúgbò pè mí. Ọkọ wọn tó ti dolóògbé jẹ́ oníbàárà ẹ̀ka wa. Wọ́n gbọ́ pé mò ń kó ìwé àtijọ́ jọ, wọ́n sì ní kí n wá wo páànù kan tí ọkọ wọn fi sílẹ̀. Ìwé ìfowópamọ́ wà níbẹ̀, sọ̀wédowó tí kò tíì tán wà níbẹ̀, àti ìwé ẹ̀rí ṣíà báńkì náà, ìyẹn ẹ̀rí pé ó ní ìpín nínú báńkì ọ̀hún.

"Báńkì yẹn ti kú," wọ́n ní. "Ṣé kí n dáná sun ún ni?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sun nǹkan kan."

Báńkì tó dàpọ̀ kò kú. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn dì mú nìyí. Nígbà tí báńkì bá dàpọ̀ mọ́ òmíràn, gbogbo owó tó jẹ oníbàárà ni báńkì tó ṣẹ́ kù gbà sọ́rùn. Ẹni tó ní ṣíà nínú èyí tó wọlé sábà máa ń rí ṣíà gbà nínú tuntun, ní ìwọ̀n tí wọ́n bá fẹnu kò sí. Ó yàtọ̀ sí ti báńkì tí ìjọba gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, Afribank di Mainstreet, Bank PHB di Keystone, Spring Bank di Enterprise. Owó àwọn tó fi pamọ́ sí wọn kò sọ nù, ṣùgbọ́n ṣíà àwọn tó ra ṣíà bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí Skye di Polaris ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní mímọ̀ nípa báńkì tí orúkọ rẹ̀ pa rẹ́ ni bóyá ó dàpọ̀ ni tàbí wọ́n gba àṣẹ rẹ̀.

Ti ọkọ ìyá yìí, ìdàpọ̀ ni. A gba báńkì tó ṣẹ́ kù lọ. Ọmọdékùnrin tó wà ní káńtà kò gbọ́ orúkọ báńkì àtijọ́ náà rí, ó sì ní nọ́ńbà àkáǹtì yẹn kò sí lórí ẹ̀rọ òun. Mi ò bá a wí, wọn kò bí i dáadáa nígbà tí a ń tẹ òǹtẹ̀ yẹn. Mo fi nọ́ńbà ẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀ sọ̀wédowó hàn án, mo ní kó bá wa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí orílé iṣẹ́. Ó gba àkókò, a lọ, a bọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn kò rí káàdì ìbuwọ́lù. Inú àpò wo ni wọ́n á ti rí i? Ìwé ìfowópamọ́ yẹn àti sọ̀wédowó yẹn ló gbà wá. Wọ́n ní kí ìdílé lọ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé ẹjọ́ gíga, wọ́n sì gbà á.

Owó inú àkáǹtì náà kò pọ̀ mọ́. Ohun tó lè kọ́ yàrá nígbà tí wọ́n fi í pamọ́, kò lè ra àpò símẹ́ǹtì díẹ̀ báyìí, bí náírà ṣe rí nìyẹn. Ṣíà ló ya ìdílé lẹ́nu. Ó ti yí padà sí ti báńkì tuntun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nílé mọ̀, èrè orí rẹ̀ sì ti ń wọlé lọ́dọọdún tí a kò rí ẹni gbà á. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú orúkọ àwọn oníṣíà lọ́tọ̀ ni, báńkì lọ́tọ̀, a sì lọ bá àwọn náà. Ìyá sọ pé ọkọ àwọn kò sọ fún àwọn rí pé òun ra nǹkan kan. Mo rántí bàbá náà dáadáa, ó máa ń wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Òfin tuntun kan wà lórí irú àkáǹtì yìí tó yẹ kí ìdílé mọ̀. Ní ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà jáde pé owó tó bá wà nínú àkáǹtì tó ti sùn fún ọdún mẹ́wàá, kí báńkì kó o wá sọ́dọ̀ òun, sínú àkáǹtì pàtàkì kan. Ẹni tó ni ín tàbí àrólé rẹ̀ ṣì lè béèrè rẹ̀, báńkì rẹ̀ ló sì máa gbà kọjá. Bí wọ́n bá sọ fún yín ní káńtà pé owó náà kò sí lọ́dọ̀ àwọn mọ́, ẹ má kàn gbà kí ẹ máa lọ sílé. Ẹ béèrè pé ṣé ó ti dé Báńkì Àpapọ̀. Àkáǹtì tí wọ́n ti ṣí ṣáájú 2014, tí BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì, kò tíì dé, tí ẹni tó ni ín sì ti kú kó tó dé, ó lè má sí okùn kankan tó so ó mọ́ ìdílé ju bébà tó wà nínú páànù yẹn lọ.

Ilé wa àtijọ́ ṣì wà lórí ìdúró. Ṣọ́ọ̀bù fóònù ló wà nísàlẹ̀ báyìí, ilé ìjọsìn kan wà lókè. Wọ́n ti kun ún. Yàrá owó ni wọn kò lè wó, nítorí ògiri rẹ̀ nípọn, ẹni tó ń ta fóònù ń kó páálí ọjà rẹ̀ síbẹ̀. Ó jẹ́ kí n wọlé, mo ya fọ́tò. Kò mọ̀ pé báńkì ni ibẹ̀ rí, ó sáà ń ṣe kàyéfì pé kí ni wọ́n ń fi ilẹ̀kùn irin bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ìgbì míì ti dé. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún gbé owó ìpìlẹ̀ sókè: bílíọ̀nù 500 náírà fún báńkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun, bílíọ̀nù 200 fún ti gbogbo orílẹ̀-èdè, bílíọ̀nù 50 fún ti agbègbè, gbèdéke rẹ̀ sì ni ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, ọdún 2026. Providus àti Unity ti mú ọ̀nà ìdàpọ̀ pọ̀n. Lóṣù Kẹfà ọdún 2024 kan náà, wọ́n gba ìwé àṣẹ Heritage Bank, tó ti ra Enterprise, tó jẹ́ Spring tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bí orúkọ ṣe tẹ̀ lé orúkọ. Ẹni tó ṣí àkáǹtì ní Spring tí kò yọjú sí i láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi pamọ́ sí báńkì, ló máa lọ báyìí.

Mo ti ń bá àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé tí lẹ́tà ìtìpa bá dé ẹ̀ka wọn, kí wọ́n ya fọ́tò iwájú ilé kí wọ́n tó já pátákó lulẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo mánéjà tó ti jẹ níbẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọ ibi tí ọkọ̀ kó fáìlì lọ, orúkọ ilé ìkẹ́rù àti ọjọ́. Ìkẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹnì kan dá mi lóhùn pé ọ̀gá òun lè bínú. Mo ní kò sí àṣírí oníbàárà kankan nínú àdírẹ́sì ilé ìkẹ́rù, ó sì gbà pé òótọ́ ni.

Ní tèmi, mo ti kọ̀wé sí báńkì tó gba tiwa, pé kí wọ́n jẹ́ kí n wo káàdì àtijọ́ wọ̀nyẹn tí wọ́n bá rí wọn. Mi ò béèrè nǹkan kan tó kan owó ẹnikẹ́ni. Mò ń retí èsì. Orúkọ mánéjà àkọ́kọ́ ni mò ń wá lọ́wọ́ báyìí. Bàbá ní ará Ìjẹ̀bú ni, pé ó ga, pé ọkọ̀ Morris dúdú ló ń gùn wá síbi iṣẹ́. Bí bàbá tàbí bàbá àgbà yín bá ti fowó pamọ́ sí báńkì nítòsí Dúgbẹ̀ láàárín 1960 sí 1970, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ àpótí wọn, kí ẹ sì wo orúkọ tó wà lábẹ́ òǹtẹ̀.